Bí a ṣe ń gbé doh rìn lórí ọrùn gìtá

Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi ta gìtá nínú ìjọ wa n'Íbàdàn pẹ̀lú key (ohùn tí orin fi ṣe ilé) méjì péré, G àti C. Àwọn méjèèjì ló rọrùn jù lápá orí gìtá, níbi tí àwọn okùn tí a kò tẹ̀ ti ń bá wa dún. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ kan, a wà lórí G, ara gbogbo ìjọ ti gbóná, ni ẹni tó ń darí orin bá na àtàǹpàkò sókè pé ká gbé e sókè. Ọmọkùnrin tó wà nídìí kíbọ́ọ̀dù tẹ bọ́tìnnì transpose lẹ́ẹ̀kan, ó ti dé A flat. Èmi ò mọ ibi tí A flat wà. Mo yí ohùn gìtá mi wálẹ̀ pátápátá, mo sì dúró bẹ́ẹ̀ títí orin náà fi parí. Ó dùn mí gan-an lọ́jọ́ náà.

Fret kan péré, ìyẹn àlàfo kan láàárín àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá, ni A flat fi ju G lọ.

Ẹ rántí bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní àmì ohùn nílé ìwé: dò, re, mí. Ohùn ọmọ ọdún mẹ́fà ga ju ti bàbá àgbà lọ fíìfíì, síbẹ̀ tí àwọn méjèèjì bá pe “ọkọ́”, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ sí “ọkọ̀”. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún ọmọ náà pé dò rẹ̀ ti ga jù. Bí ohùn kan ṣe jìnnà sí èkejì ni etí wa ń gbọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni scale, ìyẹn ohùn méje tí a ń tò láti doh, rí. Doh, ohùn tó jẹ́ ilé orin, lè wà níbi tó bá wù ú, àmọ́ ìrìn tó wà láti doh dé doh òkè kì í yí padà: fret 2, 2, 1, 2, 2, 2, 1. Ẹ ro ó pọ̀, 12 ni. Ìdí nìyẹn tí àmì méjì fi sábà máa ń wà ní fret kejìlá: ibẹ̀ ni okùn kọ̀ọ̀kan ti ń padà sí orúkọ rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ tune gìtá yín dáadáa: E, A, D, G, B, E, láti okùn kẹfà tó nípọn jù dé okùn kìíní. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń ní ká bẹ̀rẹ̀ ní fret kẹta. Èmi ò fara mọ́ ọn. Obìnrin tí ìka rẹ̀ kúrú ni mí, mo sì mọ̀ pé bí a bá ṣe ń sún mọ́ ara gìtá ni fret ń súnra kì. Ẹ jẹ́ ká fi doh sí fret karùn-ún lórí okùn kẹfà. A nìyẹn.

Ẹ fún ìka kọ̀ọ̀kan ní fret tirẹ̀: ìfábẹ̀lá ní 4, ìka àárín ní 5, ìka òrùka ní 6, ìka kékeré ní 7. d ni doh, r ni ray, m ni me, f ni fah, s ni soh, l ni lah, t ni te. Ó tán:

Okùn 6: d ní 5, r ní 7
Okùn 5: m ní 4, f ní 5, s ní 7
Okùn 4: l ní 4, t ní 6, d ní 7
Okùn 3: r ní 4, m ní 6, f ní 7
Okùn 2: s ní 5, l ní 7
Okùn 1: t ní 4, d ní 5, r ní 7

Ẹ má ta á láìkọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ fi metronome, ẹ̀rọ tó ń ka ìlù, sí 60 ní ìṣẹ́jú kan, ohùn kan fún ìlù kan, kí ẹnu yín máa pe doh, ray, me bí ìka ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fo èyí. Mo ti rí ọmọ tí ìka rẹ̀ ń sáré bí ẹṣin lórí àtẹ yìí, ṣùgbọ́n tí mo bá dá a dúró láàárín, tí mo ní “níbo lo wà?”, kò mọ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò tíì lè fi scale náà kọrin. Tí ẹ bá lè dúró níbikíbi kí ẹ sì pe orúkọ ibẹ̀, ẹ ti ṣetán.

Ó wá ku ká gbé e rìn. Ẹ sún gbogbo ọwọ́ sí fret kan sókè, B flat nìyẹn. Tí doh bá wà ní 8, C ni. Ní 3, G. Ní 4, A flat tó dá mi dúró lọ́jọ́sí. Kò sí ohun tuntun tí ìka máa kọ́. Tí orin bá jẹ́ minor, lah ni ẹ ó fi ṣe ilé, orí àtẹ kan náà ni.

Àmọ́ fún D, E flat, E àti F, okùn kẹfà máa gbé yín jìnnà jù, tàbí kó fún yín mọ́ apá orí gìtá. Ẹ gbé doh lọ sórí okùn karùn-ún. Ní fret 5, D ni:

Okùn 5: d ní 5, r ní 7
Okùn 4: m ní 4, f ní 5, s ní 7
Okùn 3: l ní 4, t ní 6, d ní 7
Okùn 2: r ní 5, m ní 7, f ní 8
Okùn 1: s ní 5, l ní 7

Ẹ wo okùn kejì dáadáa. Àtẹ ti àkọ́kọ́ ló kàn sọ̀ kalẹ̀ ní okùn kan, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ló ti fo fret kan síwájú, ibẹ̀ náà ló sì ti ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Ohun tó fà á wà nínú bí a ṣe ń tune gìtá. Fret 5 ló wà láàárín okùn kan àti èyí tó tẹ̀ lé e, àyàfi láàárín G àti B, tó jẹ́ 4. B rẹlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ní fret kan, nítorí náà a ní láti lé e bá. Tí ẹ bá ti kọjá okùn kẹta, ẹ sún ọwọ́ síwájú ní fret kan, kí ìfábẹ̀lá bọ́ sí 5. Láti ìgbà tí mo ti mọ ìdí yìí ni mi ò ti há àtẹ kankan sórí mọ́, torí mo lè fúnra mi ṣírò rẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ máa dá olórin lóhùn láàárín orin, ẹ yọ f àti t kúrò. Ọ̀pọ̀ orin ìbílẹ̀ wa, d r m s l ló tó wọn, gìtá tó bá sì dúró lórí márùn-ún yẹn kì í ṣòro fún etí àwọn àgbà wa láti gbà.

Ní ojoojúmọ́, ẹ mú ègbè kan tí ẹ mọ̀ láti kékeré. Ẹ wá a lórí A, ẹ ta á lórí B flat, lẹ́yìn náà C, kí ẹ wá bọ́ sórí okùn karùn-ún fún D. Ogún ìṣẹ́jú tó. Kí ọwọ́ tó ṣí, kí ojú ti kọ́kọ́ wo fret tí doh ń lọ, kí àtàǹpàkò sì máa bá ọwọ́ rìn lẹ́yìn ọrùn gìtá. Tí àtàǹpàkò bá kù sẹ́yìn, ìka kékeré ò ní dé ibi tirẹ̀.