Bí Olùkọ́ Ìṣègùn Ṣe Lè Fún Akẹ́kọ̀ọ́ Ní Èsì Tó Ń Tún Iṣẹ́ Ṣe

Kí olùkọ́ tó lè fún akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní èsì kankan lórí iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn ni pé kó sọ ohun tó ṣe dáadáa àti ibi tó kù sí fún un, ó yẹ kó ti fi ojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ náà. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti sábà máa ń wọ́, nítorí pé ìròyìn tí akẹ́kọ̀ọ́ mú wá láti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń méfò bó ṣe bá aláìsàn sọ̀rọ̀ àti bó ṣe yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ dúró tì í, ẹ má dá sí i, ì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀. Bí ohun tó fẹ́ ṣe bá lè pa aláìsàn lára nìkan ni kí ẹ dá a dúró lójú ẹsẹ̀.

Ní ọdún 1983, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Jack Ende, kọ ọ́ pé iṣẹ́ èsì ni láti fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìsọfúnni, kì í ṣe láti dá a lẹ́jọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ń fi ọ̀rọ̀ wá ìyá àgbàlagbà kan tí àyà ń dùn lẹ́nu wò. Bí olùkọ́ bá sọ fún un pé, “O kò mọ bí a ṣe ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀,” kò sí ohun tó lè fi ìyẹn ṣe ju kí ojú tì í lọ. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí: “Nígbà tí màmá fẹ́ sọ ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ kí ìrora náà tó dé, o já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ wọn lẹ́nu láti béèrè nípa ìtọ̀ ṣúgà, o kò sì padà síbẹ̀ mọ́, nítorí náà a kò mọ̀ bóyá àtẹ̀gùn ni wọ́n ń gùn tàbí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́.” Akẹ́kọ̀ọ́ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti bọ́ sọnù, ó sì mọ ìdí tó fi ṣe pàtàkì, torí pé àyà tó ń dunni nígbà tí ara ń ṣiṣẹ́, tó sì ń rọlẹ̀ nígbà ìsinmi, lè tọ́ka sí àìsàn ọkàn.

Kí ẹ tó sọ tiyín, ẹ bi í léèrè bí òun fúnra rẹ̀ ṣe rí iṣẹ́ náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó ti mọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Bó bá sì ní gbogbo rẹ̀ dára nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ ti mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan a máa fi ìyìn síwájú, wọn a fi ìyìn sẹ́yìn, wọn a wá fi àbùkù sáàárín. Èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí kì í pẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń mọ̀ pé “àmọ́” ń bọ̀, kò sì ní ka ìyìn náà sí mọ́. Ẹ yin ohun tó dára nítorí pé ó dára, kí ẹ sì dárúkọ rẹ̀ gan-an. Ìwádìí tí Avraham Kluger àti Angelo DeNisi gbé jáde ní ọdún 1996, èyí tó kó àbájáde ọ̀pọ̀ ìwádìí ìṣáájú jọ, fi hàn pé ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ nínú àwọn èsì tí wọ́n yẹ̀ wò ló mú kí iṣẹ́ burú sí i, àti pé bí èsì bá ṣe ń kúrò lórí iṣẹ́ bọ́ sórí ènìyàn fúnra rẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń dín kù. “O gbọ́n” kò wúlò fún akẹ́kọ̀ọ́ ju “O ya ọ̀lẹ” lọ.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ wáyé náà ni kí ẹ sọ ọ́, níbi tí aláìsàn, nọ́ọ̀sì àti akẹgbẹ́ rẹ̀ kò ti ní gbọ́. Ohun kan tàbí méjì ti tó.

Ẹ má ṣe túká láìjẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó máa ṣe lọ́nà mìíràn, kó sì jẹ́ ohun tó ṣeé fojú rí, bíi: “N ó jẹ́ kí aláìsàn sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi dákẹ́ kí n tó béèrè ohunkóhun.” Ẹ dá ọjọ́ tí ẹ ó tún dúró tì í. Bí ẹ kò bá ní sí níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ẹ sọ ohun tó yẹ ní wíwò fún olùkọ́ tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín, kí akẹ́kọ̀ọ́ náà sì mọ̀ pé ẹ ti sọ ọ́.