Ka Ìlà Tó Gbẹ̀yìn: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Ìdíje Kóòdù Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Mo jókòó ti ọmọbìnrin kan ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣe ìdíje kóòdù rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ti ń kọ kóòdù, ìyẹn àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, láti yanjú ìbéèrè. Ó ti sunkún tán kí n tó dé. Ìbéèrè tó rọrùn jù ló já a kulẹ̀: wọ́n ní kó ro owó ọwọ́ àwọn oníṣòwò kan pọ̀, kó sọ àpapọ̀ rẹ̀. Ó kọ ọ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó dán an wò pẹ̀lú àpẹẹrẹ tí wọ́n fún un, ó sì dáhùn dáadáa. Ó fi ránṣẹ́. Wrong Answer, ìyẹn ni pé ìdáhùn kò tọ̀nà. Ó fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹfà sí i, ohun kan náà ni. Mo ní kó ka ìlà tó gbẹ̀yìn nínú ìbéèrè náà sí mi létí. Àwọn oníṣòwò lè tó 200,000, owó ẹnì kọ̀ọ̀kan lè tó 1,000,000,000. Ó dákẹ́. Kí n tó lanu ló ti mọ̀.

Nínú C++ àti Java, méjì lára àwọn èdè tí a fi ń kọ kóòdù, àyè tí à ń kó nọ́ńbà sí tí à ń pè ní int kò lè gba nọ́ńbà tó ju 2,147,483,647 lọ. Oníṣòwò mẹ́ta péré tí owó wọn jẹ́ bílíọ̀nù kọ̀ọ̀kan ti kún un. Tó bá sì kún, kì í pariwo. Á máa bá iṣẹ́ lọ pẹ̀lú nọ́ńbà tó ti dàrú, nígbà mìíràn èyí tó ní àmì ìyọkúrò níwájú. Àyè tó tóbi ju int lọ, long long nínú C++, tàbí long nínú Java, ni ì bá gbà á là.

Nínú gbogbo àṣìṣe tí mo ń rí lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, kò sí èyí tó ń pa wọ́n lára tó eléyìí: wọ́n á ka ìtàn inú ìbéèrè, wọn ò ní ka àwọn nọ́ńbà ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àwọn nọ́ńbà yẹn ni ẹni tó ṣe ìbéèrè fi ń sọ irú ojútùú tó ń retí fún ọ.

Ká ní wọ́n fún ọ ní nọ́ńbà 200,000, wọ́n ní kí o wá méjì tó súnmọ́ ara wọn jù. Ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí ọ lọ́kàn ni kí o mú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o fi wé gbogbo ìyókù. Má tíì tẹ nǹkan kan. Ṣírò rẹ̀ ná: 200,000 lọ́nà 200,000 jẹ́ 40,000,000,000. Àwa tó ń ṣe é sábà máa ń fọkàn sí i pé C++ á ṣe nǹkan bí 100,000,000 iṣẹ́ kéékèèké ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn ni pé kóòdù rẹ máa lo 400 ìṣẹ́jú àáyá, bẹ́ẹ̀ méjì ni wọ́n fún ọ. Ṣùgbọ́n bí o bá kọ́kọ́ to àwọn nọ́ńbà náà láti kékeré dé ńlá, àwọn méjì tí ò ń wá á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìwọ á kàn wo ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú èyí tó tẹ̀ lé e. Títò yẹn ò gbà ju mílíọ̀nù mélòó kan iṣẹ́ lọ.

Bí iye wọn bá sì jẹ́ 1,000 péré ńkọ́? Fi gbogbo wọn wé ara wọn, kí o kọjá. Mo ti rí ọmọ tó fi wákàtí méjì kọ́ ilé alájà síbi tí àgọ́ ti tó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Python, èdè kóòdù mìíràn, ẹ ò ní rí wàhálà int, ṣùgbọ́n lúùpù Python, ìyẹn iṣẹ́ tí kóòdù ń ṣe ní àṣetúnṣe, lọ́ra ju ti C++ lọ gan-an. Bí ìlà tí ẹ fẹ́ kà bá tó 200,000, sys.stdin ni kí ẹ fi kà á, kì í ṣe input() tó lọ́ra.

Àṣìṣe tó tún wọ́pọ̀ ni gbígba àpẹẹrẹ inú ìbéèrè gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n fi í síbẹ̀ kí o lè mọ bí ìdáhùn ṣe máa rí ni, kì í ṣe láti fi dá ọ lójú. Ìdánwò tí adájọ́, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń yẹ kóòdù rẹ wò, fi pamọ́ ló le. Nítorí náà ṣe tìrẹ: kí nọ́ńbà jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, kí gbogbo wọn dọ́gba, kí gbogbo wọn tóbi dé òpin. Bí fáìlì kan bá ní ìbéèrè púpọ̀ nínú, rí i dájú pé o nu array rẹ, ìyẹn àtòjọ tí o kó àwọn nọ́ńbà sí, mọ́ kí o tó wọ èyí tó kàn. Bí àyè bá wà, kọ ojútùú kejì tó rọrùn tó sì lọ́ra, fún àwọn méjèèjì ní nọ́ńbà kéékèèké tí kọ̀ǹpútà ṣà fúnra rẹ̀, kí o wo ibi tí ìdáhùn wọn ti yàtọ̀. Èmi ò mọ ọ̀nà mìíràn tó ń tú àṣìṣe fó tó báyìí.

Má sì kọ "Ìdáhùn ni:" síwájú ìdáhùn rẹ. Kọ̀ǹpútà ni adájọ́. Ọ̀rọ̀ kan lé, o ti kùnà.

Òfin ìdíje náà, kà á kí ọjọ́ tó pé, nítorí wọn ò rí bákan náà. Ní IOI, ìdíje àgbáyé àwọn ọmọ girama tó bẹ̀rẹ̀ ní Bulgaria ní 1989, ìbéèrè mẹ́ta ni fún wákàtí márùn-ún, fún ọjọ́ méjì, ìbéèrè kọ̀ọ̀kan sì gba 100 máàkì tí wọ́n pín sí wẹ́wẹ́. Nírú rẹ̀, ọmọ tó bá lẹ̀ mọ́ ìbéèrè kan láti òwúrọ̀, tí kò ṣa máàkì kéékèèké inú àwọn yòókù, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ da tirẹ̀ nù. Ní ìdíje tó bá ń tẹ̀ lé ìlànà ICPC, ìdíje àgbáyé àwọn ọmọ yunifásítì, ẹ̀wẹ̀, kò sí ìdajì máàkì, ìṣẹ́jú 20 sì ni wọ́n sábà máa ń fi kún àkókò rẹ fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan tí o gbà sódì kí o tó rí i gbà. Ní USACO, ìdíje kóòdù ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí o bá ti ṣí ìbéèrè ni aago ti bẹ̀rẹ̀, kò sì ní dúró dè ọ́. Má ṣí i láti kàn yọjú wò ó. Wo aago dáadáa pẹ̀lú: bí wọ́n bá kọ UTC, ìyẹn aago àpapọ̀ àgbáyé, sọ ọ́ di aago ibi tí o wà.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àwọn tó ń gbé ìbéèrè fún AI kó bá wọn kọ ọ́, tàbí tí wọ́n ń bá ọ̀rẹ́ jíròrò rẹ̀ nígbà tí ìdíje kò tíì parí. USACO kò gba ọ̀kankan láyè, wọ́n sì lè lé ọ jáde. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ràn wọ́n lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìdíje. Ipò tí wọ́n bá fi ọwọ́ yín dé, àwọn ìbéèrè ibẹ̀ á le jù wọ́n lọ, àwọn nìkan ni wọ́n á sì dojú kọ ọ́.

Kí ìdíje parí, kí ọmọ pa kọ̀ǹpútà dé, kó má padà wo ohun tó ṣì, àdánù gbáà ni. Ọ̀pọ̀ ibi ló máa ń jẹ́ kí ènìyàn fi kóòdù ránṣẹ́ lẹ́yìn ìdíje. Ọmọbìnrin yẹn ṣí ìbéèrè oníṣòwò padà lójú mi. Ó pa int rẹ́, ó kọ long long, ó fi ránṣẹ́. Gbogbo ìdánwò ló yege. Ó nu ojú rẹ̀, ó ṣí ìbéèrè kejì, ó sì yí i lọ sísàlẹ̀ tààrà kó tó ka ìtàn rẹ̀.