Owó Géètì Maasai Mara àti Àwọn Alágbàtà Wa

Dọ́là 600 ni ẹ̀gbọ́n mi fi káàdì rẹ̀ san ní géètì Sekenani, ní Maasai Mara lórílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, kí a tó lè wọlé lọ wo ẹranko. Bẹ́ẹ̀ a ti sanwó fún ọjọ́ yẹn láti Èkó! Ó wà nínú ìwé tí ejẹ́ǹtì fi ránṣẹ́ sí wa, gàdàgbà ni wọ́n kọ ọ́ pé owó àbáwọlé ti wà nínú iye tí a san. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ka bí oòrùn ṣe ń yọ lórí pápá, kó lọ wá a síbòmíràn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní London ló fẹ̀yìn tì. Ó ní òun ò fẹ́ páátì, òun ò fẹ́ aṣọ ẹbí, kìnnìún lòun fẹ́ fojú òun rí. Èmi, òun àti àbúrò wa ọkùnrin la jọ fẹ́ lọ, èmi ni wọ́n sì gbé ètò rẹ̀ lé lọ́wọ́. Mo rí ejẹ́ǹtì kan ní Èkó lórí Instagram. Àwòrán rẹ̀ dára, ó ń dáhùn kíákíá lórí WhatsApp, iye tó pè sì wálẹ̀ ju ti àwọn ará Nairobi tí mo kọ̀wé sí lọ. A sanwó. Ti páàsì àti tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, mi ò ní fi ìyẹn gba àkókò yín. Ẹ ṣáà má gbàgbé yẹ́lò káàdì, ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, torí wọ́n ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà dé.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé yín, ẹ jẹ́ n sọ bí owó géètì ṣe rí. Maasai Mara kò sí lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ẹranko igbó, bíi ti Tsavo. Ìjọba agbègbè Narok ló ń gba owó rẹ̀. Láti ọdún 2024, àgbàlagbà tó bá ti ilẹ̀ òkèèrè wá ń san dọ́là 100 lójúmọ́ láti oṣù kìíní títí dé òpin oṣù kẹfà. Tó bá ti di ọjọ́ kìíní oṣù keje, ó di dọ́là 200 títí ọdún á fi parí, torí àsìkò yẹn ni àwọn wildebeest, ẹranko igbó kan tó jọ màlúù, máa ń ya wọlé láti Serengeti ní Tanzania ní ọ̀kẹ́ àìmọye, tí tẹrútọmọ sì fẹ́ wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń la odò Mara kọjá. Tíkẹ́ẹ̀tì kan, aago mẹ́fà àárọ̀ sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni. Kì í ṣe wákàtí mẹ́rìnlélógún bíi ti àtijọ́ mọ́. Ẹ má sì tìtorí pé ọmọ Áfíríkà lẹ jẹ́ kẹ́ ẹ máa retí ẹ̀dínwó: ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ló ń rí ìyẹn. Iye tí ọmọ Jámánì ń san ni ọmọ Ìbàdàn ń san.

Òpin oṣù kẹfà ni ìrìn-àjò wa bẹ̀rẹ̀, ó sì wọ oṣù keje. Ejẹ́ǹtì wa fi dọ́là 100 ṣírò gbogbo ọjọ́ pátá. Kì í ṣe nǹkan àṣírí o, gbogbo ẹni tó ń ta sàfárì ló mọ̀ pé owó ń gòkè lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó ń ta á fún wa nìkan ni kò mọ̀, tàbí tó mọ̀ tí kò sọ.

Ọjọ́ tó bọ́ sí oṣù kẹfà lọ dáadáa. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù keje, a dé géètì kí aago mẹ́fà tó lù. Otútù ń mú, a fi búláńkẹ́ẹ̀tì lọ́ọ̀jì bora nínú mọ́tò. Awakọ̀ wa sọ̀kalẹ̀, ó lọ síbi tí wọ́n ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì, ó padà wá mú fóònù rẹ̀, ó tún lọ. Nígbà tó tún padà wá, ó ń họrí. Ó ní ọ́fíìsì kò tíì fi owó ọjọ́ náà ránṣẹ́.

Ọ́fíìsì wo? Ibẹ̀ gan-an ni mo ti wá mọ ìdílé tí a ń bá rìn. Mọ́tò tí a wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ti ejẹ́ǹtì Èkó. Kì í ṣe ti iléeṣẹ́ Nairobi tí ejẹ́ǹtì Èkó gbé wa fún pẹ̀lú. Ti bàbá kan ni, tí iléeṣẹ́ Nairobi háyà mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀. Alágbàtà lórí alágbàtà! Awakọ̀ pe bàbá onímọ́tò. Bàbá onímọ́tò pe Nairobi. Nairobi ní iye tí Èkó fi ránṣẹ́ ni àwọn fi sanwó, iye náà kò sì tó ti oṣù keje. Èmi náà wá pe Èkó.

Ẹ rántí pé nígbà tí aago mẹ́fà bá lù ní Kẹ́ńyà, aago mẹ́rin ló lù ní Èkó. Fóònù ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Mo pè títí, ojú mọ́ kedere. Àwọn mọ́tò tó wà lẹ́yìn wa ń yà wá sílẹ̀ wọlé lọ, àwọn òyìnbó inú wọn ń juwọ́ sí wa bí ẹni pé a jókòó síbẹ̀ láti máa kí wọn ni. Àwọn obìnrin Maasai tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ níbẹ̀ ti rí i pé a kò níbi à ń lọ, wọ́n bò wá. Kí n tó ṣẹ́jú, àbúrò mi ti ra ẹ̀gbà ọwọ́ fún gbogbo ará ọ́fíìsì rẹ̀. Mi ò bá àwọn òṣìṣẹ́ géètì wí ṣá o. Wọ́n fara balẹ̀, wọ́n ń bá wa kẹ́dùn, àmọ́ ẹni tí kò bá sanwó kò lè wọlé, òótọ́ sì ni.

Ejẹ́ǹtì wa padà gbé fóònù, oorun ṣì wà lóhùn rẹ̀. "Ẹ má dààmú, mà, a máa yanjú ẹ̀." Mo ní, "Báwo lẹ ṣe máa yanjú ẹ̀?" Ó ní òun máa bá Nairobi sọ̀rọ̀. Mo ní Nairobi ló ní ká bá a sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí dọ́là ṣe gbówó lórí. Ẹ̀gbọ́n mi, tí kò tíì sọ nǹkan kan láti àárọ̀, ní kí n gbé fóònù wá. "Ọmọ mi, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ kò kún agbọ̀n. Ṣé o máa san án ni, àbí o ò ní san án?" Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe já nìyẹn, tàbí bí wọ́n ṣe já a.

Mo fi káàdì náírà mi dán an wò, wọ́n kọ̀ ọ́. Mo fi èkejì, ọ̀kan náà ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Fi sílẹ̀," ó sì mú káàdì London rẹ̀ jáde. Ẹni tí à ń ṣe àyẹ́sí fún ló sanwó àyẹ́sí. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo ojú rẹ̀. Aago mẹ́jọ ti kọjá dáadáa kí a tó wọlé. Ẹni tó bá mọ sàfárì mọ̀ pé kùtùkùtù ni ọjà, kí oòrùn tó mú tí ẹranko á fi wá ibòji lọ. Àwọn tó wọlé ní aago mẹ́fà rí ẹkùn lórí igi. Nígbà tí a débẹ̀, igi la bá.

A rí kìnnìún, ẹ má bínú, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé láti sọ ọ́. A rí i dáadáa, abo pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì sunkún. A rí erin, ẹfọ̀n, àgùnfọn, erinmi nínú odò Mara.

Ọ̀fọ̀ kejì ni ti ọjọ́ tí a máa padà. Ètò tí wọ́n kọ fún wa sọ pé a máa wo ẹranko láàárọ̀ kí a tó gba ọ̀nà Nairobi. Lọ́ọ̀jì tí wọ́n pè ní "ti Maasai Mara" fún wa, ìta géètì ló wà. Kò burú o, oúnjẹ wọn dára, wọ́n tilẹ̀ máa ń fi rọ́bà omi gbígbóná sínú bẹ́ẹ̀dì lálẹ́, èyí tó mú kí àbúrò mi fò sókè pé ẹranko ti wọ bẹ́ẹ̀dì òun. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń sùn níta, gbogbo ìgbà tó bá wọlé lọ́jọ́ tuntun, tíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni. Ẹni tó sùn nínú láǹfààní títí di aago mẹ́wàá ọjọ́ tó ń padà kó tó jáde. Fún àwa, àárọ̀ ọjọ́ yẹn túmọ̀ sí dọ́là 600 mìíràn. Ta ló fẹ́ san án? A jókòó sí lọ́ọ̀jì, a mu tíì.

Nígbà tí ọkọ mi ní òun náà fẹ́ lọ, mo ní kò sẹ́ni tó máa bá mi ṣètò rẹ̀. Mo sì ṣe é, mo ṣe é dáadáa, kí n má purọ́.

Ohun tí mo yí padà ni pé mi ò wá iléeṣẹ́ kọ́kọ́. Ibi tí a máa sùn ni mo kọ́kọ́ wá, mo sì wá èyí tó ní mọ́tò àti afinimọ̀nà tirẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ Maasai Mara, ilẹ̀ wà tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìdílé Maasai pa pọ̀ tí wọ́n yá àwọn oníbùdó, bíi Naboisho, Olare Motorogi àti Mara North. Conservancy ni wọ́n ń pè é. Àwọn oníbùdó ń san owó ilẹ̀ fún àwọn ìdílé náà, àgọ́ kò sì pọ̀ níbẹ̀. Mọ́tò lè kúrò lójú ọ̀nà kó sún mọ́ ẹranko, a lè jáde lálẹ́, a lè fẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú afinimọ̀nà, gbogbo nǹkan tí wọn kì í gbà ní Maasai Mara gan-an. Iye alẹ́ kan níbẹ̀ á kọ́kọ́ bà yín lẹ́rù. Ó ba èmi náà lẹ́rù, mo pa fóònù dé. Nígbà tí mo wá ro ó pé oúnjẹ, mọ́tò, afinimọ̀nà àti owó conservancy fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀, tí mo sì fi lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ohun tí a padà san nígbà àkọ́kọ́, ó ṣì wọ́n jù ú lọ, àmọ́ kò tó bí mo ṣe rò. Ẹ béèrè ṣá o: bí ẹ bá fẹ́ wọ Maasai Mara láti conservancy lọ wo odò, owó géètì ọ̀tọ̀ ni.

Oṣù kejì la lọ. Wildebeest kò pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà, kò kàn mí. Kìnnìún kì í bá wọn lọ sí Serengeti, òjò ńlá oṣù kẹta sí ìkarùn-ún kò sì tíì bẹ̀rẹ̀.

Ó ku ẹni tó máa bá wa ṣe ti Nairobi àti ọkọ̀ òfurufú kékeré láti pápákọ̀ Wilson. Mo kọ̀wé sí àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ KATO, tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ìrìn-àjò Kẹ́ńyà, mo sì ní kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ owó mi fi nọ́ńbà ìwé àṣẹ rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ TRA, àjọ ìjọba tó ń fún àwọn oníṣẹ́ ìrìn-àjò láṣẹ, hàn mí. Mo wá bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo tó dùn mọ́ mi jù: ta ló ń sanwó ní géètì, ọjọ́ wo ló ń san án, ta ni mo máa pè bí kò bá san án? Ẹ ò bá rí bí àwọn kan ṣe dákẹ́ lójijì. Ọ̀kan ní kí n má ṣe ronú púpọ̀ jù. Arábìnrin kan dáhùn lọ́jọ́ kejì, ó ya owó sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ti bùdó, ti ọkọ̀ òfurufú, ti òun fúnra rẹ̀. Òun ni mo fún níṣẹ́. Òun ló sọ fún mi pé ẹrù kílò 15 péré ni ọkọ̀ òfurufú kékeré yẹn ń gbà, nínú báàgì rírọ̀. Ọkọ mi ti di àpótí ńlá sílẹ̀.

Bí ẹ bá gba ọ̀nà ilẹ̀, ẹ béèrè irú mọ́tò, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Land Cruiser ni wọ́n kọ fún wa nígbà àkọ́kọ́, bọ́ọ̀sì kékeré ló wá gbé wa. Ẹ tún béèrè ipele afinimọ̀nà yín. Àwọn afinimọ̀nà Kẹ́ńyà ní ìdánwò tí wọ́n ń ṣe: bronze, silver, gold. Silver ni tiwa níkẹyìn, ó sì mọ ẹyẹ ju bí mo ṣe mọ àwọn mọ̀lẹ́bí ọkọ mi lọ.

Ní ti dọ́là 600 ẹ̀gbọ́n mi, ejẹ́ǹtì Èkó dá 300 padà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àtẹ̀jíṣẹ́, pé ìyẹn ni owó ọjọ́ náà tí òun gbà tí òun kò lò. Ó ní èyí tó kù jẹ́ àfikún ìjọba, kò kan òun. Mo fi ìwé tó kọ fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ sí i padà, mo fa ìlà pupa sábẹ́ ibi tó ti kọ ọ́ pé owó àbáwọlé wà nínú rẹ̀. Ó ti kà á, àmì búlúù méjì ti hàn, kò tíì fèsì.