Bí mo ṣe tún ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Kubwa ṣe láìfọ́ nǹkan kan
Ilẹ̀kùn onírin ti dípẹtà, òjò sì ti ta erùpẹ̀ pupa sára ìsàlẹ̀ ògiri. Mo fi sáńpépà ha ìpẹtà náà títí irin fi ń dán, mo nù ún, mo kùn ún ní red oxide, ìyẹn ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ kùn sára irin kó má baà dípẹtà. Ó gbẹ dáadáa kí ọ̀dà tó gorí ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo red oxide o. Ìpẹtà á tún yọ lábẹ́ ọ̀dà ni.

Ògiri ńkọ́? Mo fọ̀ ọ́, mo kùn ún. Ṣùgbọ́n ọ̀dà nìkan ò lè gbà á lọ́wọ́ òjò, ni mo bá da òkúta wẹẹrẹ sẹ́sẹ̀ ògiri, kí omi òrùlé má baà ta ẹrẹ̀ sókè mọ́. Nítorí eruku ọyẹ́, mo lẹ rọ́bà mọ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn.