Aṣọ Tó Gbó Lójú, Tí Kò Gbó Lára: Bí Ẹ Ṣe Lè Bá Ọ̀rẹ́ Pààrọ̀ Aṣọ ní Àbújá

Ọ̀pọ̀ nínú aṣọ tó kún àpótí wa ní Àbújá kò gbó lára rárá. Lójú àwọn ènìyàn ni wọ́n ti gbó. Àǹkárá tí a dá fún ìgbéyàwó kan ní Gwarinpa, tí a tún wọ̀ lọ síbi ìkómọ kan ní Lugbe, kì í wù wá wọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, nítorí pé àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kìíní náà ni yóò tún jókòó tì wá ní ọjọ́ kẹta. Bẹ́ẹ̀ ni aṣọ tí ojú gbogbo èèyàn ti mọ̀ lọ́dọ̀ tiwa lè jẹ́ aṣọ tuntun pátápátá lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, bí ẹ bá fẹ́ kó ara yín jọ láti pààrọ̀ aṣọ, kì í ṣe ọ̀rẹ́ tó sún mọ́ yín jù ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Ẹni tí ẹ jọ wà nínú ìjọ kan náà tàbí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan náà ti dá gbogbo aṣọ ẹbí tí ẹ̀yin náà dá. Ẹ pe ẹnì kan láti ibi iṣẹ́, ẹnì kan láti àdúgbò, àti ẹnì kan tí ọmọ rẹ̀ àti ọmọ yín jọ ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé ní Kubwa àti ará Ìjẹ̀bú tó ń gbé ní Nyanya kì í sábà pàdé lóde àríyá kan náà, aṣọ wọn sì lè rìn láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ èkejì láìsí ẹni tó máa dá a mọ̀. Ènìyàn mẹ́fà sí mẹ́wàá ti tó, ṣùgbọ́n kí ẹ rí i pé ó kéré tán ènìyàn méjì wà fún ìwọ̀n ara kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó sanra jù tàbí ẹni tó tín-ín-rín jù má baà padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Ojú agbo ni èmi ti kọ́ èyí. Nígbà àkọ́kọ́ tí a ṣe é, mo gba léèsì aláwọ̀ ewé kan lọ́wọ́ ẹni tí a jọ ń lọ sí ìjọ. Mo wọ̀ ọ́ lọ síbi ìsìnkú kan, mo sì ti jókòó dáadáa kí ìyá àgbà kan tó wà lẹ́yìn mi tó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, “Ìyá Ìbejì, ṣé kì í ṣe aṣọ ọ̀rẹ́ rẹ nìyí?” Gbogbo tábìlì ló yíjú sí mi. Láti ìgbà náà, a máa ń fi píìnì so pépà kékeré kan mọ́ ọrùn aṣọ kọ̀ọ̀kan, a ó sì kọ ibi tí wọ́n ti wọ̀ ọ́ rí sí i: “ìsìnkú, Garki, oṣù kẹta.” Ẹni tó bá fẹ́ gba aṣọ yóò kà á, yóò sì mọ ibi tí kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ dé.

Ìparí oṣù kẹsàn-án ló dára jù, kí ìgbéyàwó inú oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá dúró di ìgbà ọyẹ́, súwẹ́tà àti aṣọ alápá gígùn ni kí ẹ fi kún un, kí ẹ sì yẹra fún sísá léèsì funfun síta, nítorí eruku ìgbà yẹn lè sọ ọ́ di aláwọ̀ ilẹ̀ láàárín ọ̀sán kan.

Ní ti ohun tí ẹ ó gbé wá, ẹ yọ pátá àti kọ́mú kúrò. Gbogbo èyí tó kù gbọ́dọ̀ jẹ́ fífọ̀ àti lílọ̀, àfi aṣọ òkè, tí ó yẹ kí ẹ nà sábẹ́ òjìji kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, kí ẹ sì tún un ká sí ibòmíràn kí ìlà kíká àtijọ́ má baà gé e. Abíyá bùbá ni ẹ̀tàn máa ń fara pa mọ́ sí jù. Ẹ nà án sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé. Bí ẹ bá rí àbàwọ́n òógùn tó pọ́n rúsúrúsú bí etí ìwé àtijọ́, ẹ tún un fọ̀. Bí kò bá sí àbàwọ́n, ẹ gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e díẹ̀, kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀, nítorí pé òógùn tó ti sùn sínú aṣọ máa ń jí bó bá rí ooru, ooru oṣù kẹta ní Àbújá yìí kò sì kéré. Ẹ wo síìpù àti bọ́tìnnì pẹ̀lú. Aṣọ tí ẹ kò ní lè rí lọ́rùn ẹlòmíràn kí ọkàn yín má dà rú, irú bí ìró tí ìyá yín fi sílẹ̀, ẹ fi í sílé.

Ẹ má fi iye tí ẹ ra aṣọ díye lé e, nítorí ẹni tó ra á nìkan ló ń rántí owó náà. Ègé páálí ni àwa ń lò: àǹkárá tí a ti rán gba ègé kan, léèsì tàbí aṣọ òkè gba mẹ́ta, àǹkárá yáàdì 6 tí ọ̀bẹ kò tíì kàn náà gba mẹ́ta. Iye ègé tí aṣọ yín bá mú wọlé ni ẹ ó fi mú ti ẹlòmíràn. Bí ẹni méjì bá nawọ́ sí ohun kan náà, kí àwọn méjèèjì wọ̀ ọ́ níwájú dígí, kí ẹni tó bá lára mu gbé e lọ; bó bá bá àwọn méjèèjì mu, ẹ ṣẹ́ kèké.

Tiwa rọrùn ju ti ẹlẹ́wù òyìnbó lọ, nítorí pé ìró, ìpèlé àti gèlè kò mọ ẹni tó sanra yàtọ̀ sí ẹni tó rù, agbádá náà sì fẹ̀ tó láti gba ẹnikẹ́ni. Ibi tí ìjà wà ni kaba tí wọ́n rán mọ́ ara. Kí ẹ tó gba irú rẹ̀, ẹ yí inú rẹ̀ síta: bí télọ̀ bá fi aṣọ tó tó ìbú ìka méjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìránpọ̀, a lè tú u kó fẹ̀ sí i, bí kò bá fi nǹkan kan sílẹ̀, ẹ gbàgbé rẹ̀, bó ti wù kó dára tó. Dídín aṣọ kù kò ṣòro, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò owó télọ̀ mọ́ ọn.

Àwọn kan wà tí wọn kì í fẹ́ kí aṣọ tó ti kan ara wọn bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, wọ́n sì ní ìdí tiwọn. Ẹ má bá wọn jiyàn. Irú wọn lè mú aṣọ tí wọn kò tíì rán wá, tàbí bàtà àti báàgì. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ẹlòmíràn nínú wọn kì í bẹ̀rù òkìríkà, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní gwanjo, tí kò sẹ́ni tó mọ ara tó ti kọ́kọ́ wọ̀ ọ́.

Ẹ fún ara yín ní ọjọ́ méjì tí ẹni tó bá kábàámọ̀ fi lè gba aṣọ rẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà, ó ti lọ nìyẹn. Aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò mú kò gbọ́dọ̀ sùn sílé ẹni tó gbà yín lálejò: kí oníkálukú di tirẹ̀ padà sínú báàgì, tàbí kí ẹ yan ẹnì kan tó ní mọ́tò, kí ó kó gbogbo rẹ̀ lọ fún àwọn tí ogun lé kúrò nílé wọn ní Borno tí wọ́n ń gbé ní àgọ́ ní àyíká Àbújá, kí ilẹ̀ tó ṣú.