Bí A Ṣe Ń Fi Ìyẹ́ Adìẹ Ya Ewé Ẹ̀gẹ́ Sára Àdìrẹ Ẹlẹ́kọ

Já ewé ẹ̀gẹ́ kan kí o tó fọwọ́ kan aṣọ. Gbé e sókè sójú oòrùn. Ìka rẹ̀, tó sábà máa ń jẹ́ 5 tàbí 7, pàdé lójú kan, iṣan tó gba àárín ìka kọ̀ọ̀kan sì mọ́lẹ̀ ju ara ewé lọ. Iṣan yẹn ni kí o tẹjú mọ́. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ibi tí ẹ̀kọ bá wà ni aró kò ní mú, funfun ni yóò kù. Ìmọ́lẹ̀ inú ewé lò ń yà. Aró ni yóò ya òkùnkùn rẹ̀. Ẹni tó bá ya etí ewé nìkan, ewé rẹ̀ kò ní lẹ́mìí.

Wá ìyẹ́ apá adìẹ tó le. Já irun rẹ̀ dànù, kí o fi díẹ̀ sílẹ̀ ní ṣóńṣó orí. Tó bá fara kan aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́, ìlà tín-ín-rín ni yóò fà; tí o bá tẹ̀ ẹ́, ìlà náà á fẹ̀. Ẹyọ ìgbálẹ̀ dára fún tótòtó, òòyà sì dára fún ìlà bí omi ṣe ń rú.

Kọ́kọ́ fi omi lásán dánra wò lórí pátákó. Tẹ ìyẹ́ náà sí ìdí iṣan, fà á lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí o sì máa gbé ọwọ́ sókè díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń súnmọ́ ṣóńṣó ìka ewé, torí bí iṣan gan-an ṣe ń tín-ín lọ nìyẹn. Lójú tèmi, ọwọ́ gbígbé yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà. Má ṣe lo rúlà. Kò sí ewé tó gún bẹ́ẹ̀ lóko.

Fún ẹ̀kọ, po láfún mọ́ omi tútù, fi álọ́ọ̀mù lílọ̀ díẹ̀ sí i, gbé e kaná, kí o máa rò ó títí yóò fi ki ju ẹ̀kọ mímu lọ díẹ̀. Sẹ́ ẹ dáadáa, kókó kan lè ba ìlà jẹ́. Álọ́ọ̀mù ni kì í jẹ́ kí ẹ̀kọ tètè ṣí nínú aró. Má fi ìkòkò náà se oúnjẹ mọ́.

Aṣọ òwú funfun tó dán ni kí o lò. Ojú òfì kò tẹ́jú tó. Fọ̀ ọ́, tẹ́ ẹ sórí tábìlì, kí o pín in sí onígun mẹ́rin mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pín Ìbàdàn Dùn, àdìrẹ tí òpó gbọ̀ngàn Màpó wà lára rẹ̀. Ojú kan aṣọ nìkan là ń ya. Bí ọwọ́ bá ṣì, má ṣe nù ún. Sọ ọ́ di ìka mìíràn. Sá a sóòrùn títí ẹ̀kọ yóò fi gan.

Aró tútù ni kí o rẹ ẹ́ sí, torí gbígbóná yóò yọ́ ẹ̀kọ. Bí o kò bá ní ìkòkò aró ẹ̀lú, kò ṣòro láti rí aláró l'Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo. Wọ ìbọ̀wọ́ bí sódà, èyí tó lè jó ọwọ́, bá wà nínú aró náà. Má ká aṣọ náà, má sì fún un. Bó bá jáde, àwọ̀ ewé ni yóò kọ́kọ́ ní, kí afẹ́fẹ́ tó sọ ọ́ di búlúù. Tún un rẹ títí yóò fi dúdú tó bí o ṣe fẹ́.

Bó bá gbẹ, fi ọ̀bẹ tí kò mú ha ẹ̀kọ kúrò, kí o sì fi omi tútù ṣàn án. Níbi tí ẹ̀kọ ti là, aró á ti wọlé, iṣan wẹ́wẹ́ tí o kò yà á hàn. Fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n dára. Òun nìkan ni kí o fọ̀ nígbà àkọ́kọ́, aró á ṣì máa ṣí lára rẹ̀.