Ṣé CCNP lè fún ẹ níṣẹ́ nígbà tọ́wọ́ ẹ ò tíì kan rúta rí?

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń bi mí l'Òṣogbo níbí pé ṣé kẹ́ ẹ kúkú lọ ṣe CCNP, ìwé ẹ̀rí gíga lórí iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì látọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ Cisco, kíṣẹ́ lè tètè yọjú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó yẹn o. Ìdánwò tó ṣe kókó nínú ẹ̀ nìkan, 400 dọ́là ni, ìkejì ṣì wà lẹ́yìn ẹ̀. Cisco ò ní bi yín bóyá ẹ ti ṣiṣẹ́ rí kẹ́ ẹ tó ṣe é, ẹni tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́ ló máa bi yín.

Ọ̀gá kan lọ́nà Gbọ̀ngán ní kí n wá bá òun yan ẹni tó máa mójú tó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì òun. Ọmọkùnrin kan wọlé, ó ní CCNP, ó ń ka OSPF, ìlànà tí rúta fi ń wá ọ̀nà, lórí bí ẹni ń ka oríkì. Mo gbé láptọ́ọ̀pù kan síwájú ẹ̀ tí ò rí íntánẹ́ẹ̀tì, IP, ìyẹn nọ́ńbà àdírẹ́ẹ̀sì, tó wà lórí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, ìyẹn ni pé ó ti ń pe DHCP, ohun tó ń pín àdírẹ́ẹ̀sì fáwọn kọ̀ǹpútà, pé kó fún òun ní tiẹ̀, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Kó kàn wo wáyà, kó wá wo ojú ihò tí wáyà yẹn wọ̀ lára switch, àpótí tó ń so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀, bóyá VLAN míì, ìyẹn apá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì míì tí wọ́n yà sọ́tọ̀, ni wọ́n fi sí. Ọmọ náà kàn tẹjú mọ́ ọn ni, òógùn ń bọ̀ lójú ẹ̀. Ó dùn mí gan-an, torí kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọmọbìnrin tó ní CCNA péré, ìwé ẹ̀rí Cisco tó wà nísàlẹ̀ CCNP, la mú, ó ti ń bá wọn fa wáyà káàkiri Ọláìyá àti Ìgbọ̀nà fún bí ọdún kan.

CISSP, ìwé ẹ̀rí lórí ààbò kọ̀ǹpútà, tiẹ̀ wá le jùyẹn lọ: ọdún 5 lẹ́nu iṣẹ́ ni ISC2, àwọn tó ń fúnni ní in, ń bèèrè, tẹ́ ẹ bá yege láìní in, Associate ni wọ́n á máa pè yín, wọ́n á wá fún yín lọ́dún 6 láti lọ wá a.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ gba Packet Tracer, áàpù Cisco tẹ́ ẹ lè fi dánra wò lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, sórí láptọ́ọ̀pù, ọ̀fẹ́ ni, tíná bá wà kẹ́ ẹ ti cháàjì dáadáa torí ẹ mọ bíná ṣe ń ṣe wá ládùúgbò. Ẹ kọ́ ọ́fíìsì kan sínú ẹ̀, VLAN 10 fáwọn akáńtì, VLAN 20 fáwọn tó kù, kẹ́ ẹ wá mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ kẹ́ ẹ sì tún un ṣe, ibi tẹ́ ẹ ti ń bà á jẹ́ yẹn gan-an nimọ̀ wà.

Ẹ ra crimper, irin tí wọ́n fi ń tẹ orí mọ́ wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, àti orí RJ45 díẹ̀, ìyẹn orí wáyà náà. Bí wáyà ṣe ń tò tẹ̀ léra wọn rèé: funfun aláwọ̀ ọsàn, ọsàn, funfun aláwọ̀ ewé, búlúù, funfun aláwọ̀ búlúù, ewé, funfun aláwọ̀ búráùn, búráùn. Orí méjèèjì bákan náà, kẹ́ ẹ sì ti ẹnu wáyà wọlé títí tó fi kan ògiri iwájú kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ lèmi fi orí púpọ̀ ṣòfò sí.

Lẹ́yìn náà ẹ lọ bá iléèwé tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tó sún mọ́ yín pé ẹ fẹ́ bá wọn wo kọ̀ǹpútà wọn, bó jẹ́ owó ọkọ̀ nìkan ni wọ́n máa fún yín, ẹ gbà á. Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ wo, kí ló bàjẹ́, báwo lẹ ṣe tún un ṣe. Ìwé yẹn lẹ máa gbé lọ ìntáfíù.

Ẹ wá ṣe CCNA nígbà yẹn, 300 dọ́là ni, ọdún 3 péré ló sì ń lò kó tó kú, kò dáa kó lọ kú sílé níbi tẹ́ ẹ ti ń wáṣẹ́. CCNP á ṣì dúró dè yín, tẹ́ ẹ bá ti wà lẹ́nu iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n fi kún owó oṣù yín, ìgbà yẹn gan-an ló máa wúlò.